Lápò Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ẹni tó bá ti wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike ṣe korobá àti abọ́ rí, ní Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà tàbí Àgbárá, yóò mọ ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí. Awẹ́ irin méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń yà. Bí wọ́n bá pàdé, ike tí iná ti yọ́, tó gbóná ju ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì lọ, á ya wọ àárín wọn. Bí wọ́n bá yà, korobá á jábọ́, tàbí kí òṣìṣẹ́ na ọwọ́ wọlé lọ mú un. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, agbára tí awẹ́ méjèèjì fi ń fún mọ́ra ju ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lọ. Ọwọ́ tó bá há síbẹ̀ kì í jáde bó ṣe wọlé.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn tí à ń fà sí i, tí wọ́n sì fi súìṣì sí etí ilẹ̀kùn náà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ̀rọ á dúró. Àfi tó bá tún tì kí ẹ̀rọ tó lè máa lọ. Àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo súìṣì yẹn dáadáa. Ní ibi púpọ̀, ẹ ó rí téèpù dúdú tí àwọn oníná fi ń wé wáyà, tàbí okùn tín-ín-rín kan, tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ á rò pé ilẹ̀kùn tì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bí ẹ bá bi máníjà, á ní àwọn òṣìṣẹ́ ló so ó, pé wọn kì í gbọ́ràn, pé ojoojúmọ́ lòun ń kìlọ̀ fún wọn. Kò parọ́. Òṣìṣẹ́ ló so ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní korobá kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 30. Láàárín wákàtí 12 tí iṣẹ́ òru fi ń lọ, ẹ̀rọ kan á ṣe korobá 1,440. Bí òṣìṣẹ́ bá fo ṣíṣí àti títì ilẹ̀kùn, tí ìyẹn sì dín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kù lórí korobá kọ̀ọ̀kan, á ṣe 1,600. Korobá 160 ló lé sí i yẹn. Bí ọ̀gá bá wá ní ẹni tó bá ṣe 1,600 nìkan ni yóò gba owó àṣekún, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló so téèpù, ṣùgbọ́n iye tí ọ̀gá dá lé e ló rán ọwọ́ náà níṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààbò níbi iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ fi hàn pé òun ka ààbò kún, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á ra àṣíborí, á ra bàtà onírin, á lẹ ìwé aláràbarà mọ́ ògiri. Tó bá di ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, tí gbogbo ayé ti fi ń ṣe àyájọ́ ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ láti ọdún 2003, wọ́n á pín fìlà, wọ́n á ya fọ́tò. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè tí mo fi ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò yàtọ̀: bí ewu bá yọjú ní aago méjì òru, ta ló láṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró? Ṣé ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń sùn nílé? Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti mọ̀ pé wọn á gé owó òun bí òun bá dá iṣẹ́ dúró, àṣíborí tó wà lórí rẹ̀ kò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí ti pa èèyàn rí, nílẹ̀ wa níbí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan rọ́bà ní Ìkòròdú nígbà tí àwọn oníṣẹ́ òru wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn ìgbà náà fi yé wa pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló jóná. Ọdún 91 ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1911, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York, ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Triangle. Èèyàn 146 ló kú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí òun tàbí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá sí Amẹ́ríkà, àgádágodo sì wà lára ohun tó pa wọ́n: ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan tó yẹ kí wọ́n gbà sá jáde wà ní títì. Wọ́n ń tì í kí òṣìṣẹ́ má bàa jí nǹkan gbé jáde. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ oníṣẹ́ òru lọ́dọ̀ wa lónìí, èsì kan náà ni ẹ ó gbọ́: olè.

Olè burú, n kò sì ní kí olówó má ṣọ́ ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà tó jẹ́ pé láti ìta, kò ṣeé ṣí. Láti inú, bí èèyàn bá ti fi ara tì í, á ṣí, agogo á sì han gooro. Ẹni tó fẹ́ yọ́ ẹrù jáde kò ní lè gba ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ gbọ́. Ẹni tí iná ń lé á ráyè jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn irin tí à ń dè mọ́ ojú fèrèsé: kí díẹ̀ nínú wọn máa ṣí láti inú, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ èyí tó ń ṣí, kì í ṣe kí wọ́n máa wá a kiri nínú èéfín.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí Nàìjíríà ṣe ní 1987 sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ṣì wà nínú ilé-iṣẹ́, wọn kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n fi ìbòrí tó dúró ṣinṣin sí ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn tó wà nínú rẹ̀, owó ìgbà náà ni. Ohun tó le lójú èèyàn ní 1987 kò tó ra epo jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fún ọjọ́ kan mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tún fi òfin dá àjọ ààbò tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2011. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ìjọba tó lè fi olùbẹ̀wò kan sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé-iṣẹ́ lóru. Òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀ lóru.

Àgádágodo tó ń pa èèyàn lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí náà ló ń gba èèyàn là nídìí súìṣì iná ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ike àlòkù. Ọ̀bẹ tó wúwo ló ń yí nínú rẹ̀. Bí ike bá há, ẹni tó ń lò ó á pa iná, á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á máa fà á yọ. Ẹlòmíì á gba òdìkejì wá, á rí i pé ẹ̀rọ ti kú, á rò pé ẹnì kan ló ṣèèṣì pa á, á sì tẹ bọ́tìnì. Kò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìka ṣe ń lọ, láìsí ẹni tó ní èrò ibi lọ́kàn.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ, á lọ síbi súìṣì ńlá tí iná ti ń wọ ẹ̀rọ náà, á pa á, á fi àgádágodo tirẹ̀ tì í pa, á so páálí kékeré mọ́ ọn tí orúkọ rẹ̀ àti aago tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà lára rẹ̀, á sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Á dúró kí ọ̀bẹ dákẹ́ pátápátá, nítorí irin tó wúwo kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí iná bá kú. Lẹ́yìn náà á padà lọ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé kò tan. Ìgbà yẹn ló tó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí èèyàn mẹ́ta bá jọ ń tún un ṣe, àgádágodo mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ tirẹ̀ á yọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní tan títí ẹni ìkẹyìn á fi jáde. Amẹ́ríkà sọ ètò yìí di ọ̀ranyàn fún ilé-iṣẹ́ ní 1989.

Owó àgádágodo kò lè mi ilé-iṣẹ́ kankan. Ohun tó ń ṣòro fún àwọn ọ̀gá láti gbà ni pé, fún ìṣẹ́jú 20 tí iṣẹ́ àtúnṣe yẹn fi ń lọ, ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ló láṣẹ lórí ẹ̀rọ náà. Súpáfáísọ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ kejì tó lè fi tan án nítorí pé ọjà ń kánjú. Ọ̀gá àgbà náà kò lè tan án. Bí ilé-iṣẹ́ bá gba èyí láìjanpata, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Àwọn tó kọ́ ìmọ̀ ààbò ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń darí iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ara wọn ni pé, ṣé ewu yìí ṣeé mú kúrò pátápátá? Bí kò bá ṣeé mú kúrò, ṣé a lè fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀? Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, wọ́n á fi ìdènà sáàárín ewu àti èèyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìlànà àti ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti àṣíborí ló gbẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìbọ̀wọ́ ló dínwó jù. Bí ìjàǹbá bá sì wá ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ la máa di ẹ̀bi rù.

Ẹ wo àpò ike wóró-wóró tí ilé-iṣẹ́ ń rà. Kìlógíráàmù 25 ni àpò kan. Ẹni tó ń gbé e gun àkàbà lọ dà sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó máa dùn ún. Ilé-iṣẹ́ kan á ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn fún un. Òmíràn á ra ẹ̀rọ tó ní páìpù tó ń fa ike náà láti ilẹ̀ lọ sókè, kò sì ní sí àpò tí ẹnikẹ́ni á tún gbé gun àkàbà mọ́. Páìpù wọ́n ju bẹ́líìtì lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á yá sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní já bọ́ lórí àkàbà.

Ìbọ̀wọ́ pàápàá a máa ṣeni léṣe níbi tí kò yẹ. Nídìí ẹ̀rọ tó ń lu ihò sára irin, tàbí èyí tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ he etí ìbọ̀wọ́, á sì fa ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ lásán ló dára níbẹ̀. Ìborùn, etí gèlè, apá bùbá tó gùn, ìdè híjáàbù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, irun dídì tó wá sí èjìká: gbogbo wọn ni irin tó ń yí lè wé mọ́ra. Kí ilé-iṣẹ́ má fi àṣẹ kan ṣoṣo dójú ti ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀sìn tàbí aṣọ; kó pèsè ìwérí tó lẹ̀ mọ́ orí, kó sì ṣe irin ìdènà tí aṣọ kò fi ní dé ibi tó ń yí.

Gbogbo èyí kò lè rí ẹsẹ̀ fi tilẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kò bá máa jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Níbi iṣẹ́, tara ẹlòmíì náà á bá a dákẹ́. Kí ìka kan tó gé, ó ti kù díẹ̀ kó gé lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ agbẹ́rù ti sún mọ́ ẹnì kan lẹ́sẹ̀, ó fò sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Irin kan já bọ́ látòkè, kò bá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n pa dédé ta kìjí. Ìròyìn irú nǹkan báwọ̀nyí ló níye lórí jù lọ nínú ilé-iṣẹ́, torí pé ẹ̀kọ́ ni láìsí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá mú un wá? Bí wọ́n bá kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, tàbí tí wọ́n ní ó ń dá wàhálà sílẹ̀, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò tún ní wá mọ́.

Ètò tí wọ́n fi inú rere ṣe náà lè pa ìròyìn. Mo rí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ka iye ọjọ́ tí wọ́n ti lò láìsí ìjàǹbá. Wọ́n ṣèlérí ìrẹsì àti òróró fún ẹ̀ka tí iye ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí irin gé lọ́wọ́ á fi àkísà wé e, á ki ọwọ́ bọ àpò, á lọ tọ́jú rẹ̀ nílé, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa sọ pé òun ló fi ìrẹsì ọdún dù wọ́n. Pátákó ń ka ọjọ́ lọ, ọgbẹ́ ń kẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní ìrẹsì, kí wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ rí ewu tó sì sọ ọ́.

Paul O'Neill mọ èyí. Nígbà tó di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ alumíníọ̀mù Alcoa ní Amẹ́ríkà ní 1987, àwọn olówó tó fi owó sí ilé-iṣẹ́ náà ń retí pé kó sọ̀rọ̀ èrè fún wọn. Ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ. Ó pàṣẹ pé láàárín wákàtí 24 tí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ òun, láti ẹnu ọ̀gá ẹ̀ka náà, pẹ̀lú ètò tí wọ́n máa ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí ọ̀gá ẹ̀ka tó lè mọ̀ láàárín wákàtí 24, súpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ tètè sọ fún un, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ lè sọ fún súpáfáísọ̀ láìbẹ̀rù. Òfin kan ṣoṣo yẹn la ọ̀nà ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìfarapa tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró sílé, tó jẹ́ 1.86 nínú òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún nígbà tó dé, ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 0.2 nígbà tó fi máa lọ. Èrè náà sì pọ̀ sí i, kò dín kù.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ti Rana Plaza, ilé kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ aránṣọ wà nínú rẹ̀ ní Bangladesh. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2013, ògiri ilé náà là, gbogbo èèyàn rí i. Báǹkì tó wà nínú ilé kan náà ní kí òṣìṣẹ́ òun má wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn aránṣọ ní tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n wọlé, pé bí wọn kò bá wọlé wọn kò ní rí owó oṣù gbà. Ilé náà wó lé wọn lórí láàárọ̀ ọjọ́ 24. Èèyàn 1,134 ló kú. Wọ́n ti rí ewu náà, ohun tí wọn kò ní ni àṣẹ láti kọ̀. Àdéhùn 155 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe ní 1981, tí Nàìjíríà sì tọwọ́ bọ̀ ní 1994, sọ pé kí wọ́n dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí ewu ńlá tó sún mọ́lé, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́. Èyí tí mò ń fẹ́ ni pé kí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì kà á sétí gbogbo èèyàn.

Ohun kan tún wà tó ń dí wa lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí. Bí ẹ̀rọ bá gé èèyàn lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ pé ayé ló ṣe é, pé wọ́n ti ń wá a tipẹ́ nílé, tàbí pé àmúwá Ọlọ́run ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti kó ẹjọ́ lọ sọ́run, kò sẹ́ni tó máa wo ilẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀, ó ṣubú, apá rẹ̀ dá. Kí ló dé tó fi yọ̀? Epo wà nílẹ̀. Níbo ni epo ti wá? Rọ́bà ìdí páìpù ló ti jẹ, ó ń jò. Kí ló dé tí wọn kò pààrọ̀ rẹ̀? Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ìwé náà dà? Ó wà lórí tábìlì, ó ń dúró de ẹni tó máa buwọ́ lù ú. Orí tábìlì yẹn ni apá ti dá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìwé tó ń béèrè rọ́bà tuntun sì ni àgbọ́tẹ́lẹ̀ ọ̀hún.

Ìjàǹbá ló ń pariwo, àìsàn ni kì í pariwo. ILO fojú bù ú pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.9 ni iṣẹ́ ń fa ikú wọn lọ́dọọdún káríayé, àìsàn ló sì ń pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ariwo ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ ń jẹ etí díẹ̀díẹ̀. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí ariwo tí etí ń gbọ́ fún wákàtí mẹ́jọ má ju désíbẹ̀lì 85 lọ. Bó bá di 88, wákàtí mẹ́rin ni. Bó bá di 91, wákàtí méjì péré. Bí ẹni tó dúró tì yín, níbi tí ọwọ́ yín lè tó, bá ní láti kígbe kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń wí, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Etí tí ariwo bá ti bàjẹ́ kò ní ìwòsàn. Eruku náà ń ṣe tirẹ̀, yálà ti ìyẹ̀fun ni tàbí ti sìmẹ́ǹtì: gbígbá ilẹ̀ láìwọ́n omi ń dá a padà sínú afẹ́fẹ́ ni, kí wọ́n wọ́n omi níbi tó bá ṣeé wọ́n, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Níbi tí wọ́n bá ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, òjé ni eruku ibẹ̀. Àwọn ará Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń ké tipẹ́ lórí èéfín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òjé máa ń bá òṣìṣẹ́ délé lára aṣọ, ọmọ tó ń sáré wá dì mọ́ bàbá rẹ̀ á fà á símú, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí ilé-iṣẹ́ ní ibi ìwẹ̀, kí aṣọ iṣẹ́ má kúrò níbẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa fọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ lórí ewu báwọ̀nyí kò ṣeé fi èdè tí òṣìṣẹ́ kò gbọ́ kọ́ni. Mo ti rí ìkìlọ̀ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tàbí Ṣáínà, sára ẹ̀rọ tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Ègùn tàbí Hausa nìkan ń lò. Ìpàdé kúkúrú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lórí ìdúró, ní èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣeré, ló ń wọlé. Kí súpáfáísọ̀ má sì wá wàásù. Kó béèrè: “Ẹ̀yin ará, kí ló fẹ́ ṣe yín léṣe lánàá?” Kó dákẹ́ títí ẹnì kan á fi dáhùn. Ohun tí wọ́n bá sọ, kó kọ ọ́ sí pátákó, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe àti ọjọ́ tó máa parí. Bí ọjọ́ bá pé tí kò parí, kó wá sọ ìdí rẹ̀ níwájú wọn.

Àwọn tí ìpàdé yìí sábà máa ń yọ sílẹ̀ ni àwọn kásúà, tí kọ̀ntírátọ̀ ń kó wá láti ẹnu géètì láràárọ̀. Wọn kò ní káàdì, wọn kò gba ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tó léwu jù ni wọ́n sì ń gbé fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé bí nǹkan bá ṣe àwọn, ó parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2010 ka kásúà, oníṣẹ́ ìgbà díẹ̀ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, kódà bó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà wọ́n. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó ètò náà sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó ẹnikẹ́ni. Ó kan àìsàn tí iṣẹ́ fà, ó sì kan ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá fara pa, tàbí ẹbí rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ méje. Ọdún kan ni wọ́n sì fi sílẹ̀ láti kọ̀wé béèrè owó náà. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹbí má jókòó sílé máa retí pé ọ̀gá á ránṣẹ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ṣe é. Kí wọ́n gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó bá sún mọ́ wọn jù.